Ilé Tí Kò Ṣaláìní

Tí ẹ bá dé Ushirohama tí ẹ ní ilé Fusae lẹ̀ ń wá, ẹni tó máa júwe fún yín á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. "Ṣọ́ọ̀bù tí kì í tajà yẹn?" ni yóò wí, yóò wá nawọ́ sókè, síbi tí ilé kan dá dúró sí lẹ́yìn igi páìnì mẹ́ta, níbi tí ojú ti tó òkun. Ìyàwó Tamotsu apẹja ni Fusae. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí ọkọ rẹ̀ fi ń la ẹja lọ. Ní gbogbo etíkun yẹn, kò sẹ́ni tó mọ oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ ìjàmbá bíi tirẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi pamọ́.

Yàrá tí Chinami ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sùn kó tó lọ sílé ọkọ ní Nagoya ni ó sọ di ibi ìkẹ́rùsí. Páálí omi tò dé ojú fèrèsé. Ìrẹsì inú ọ̀rá, tí èèyàn kàn máa da omi gbígbóná sí, wà níbẹ̀. Ẹja agolo wà, bisikíìtì líle wà, bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, agolo gáàsì fún sítóòfù kékeré, kẹrosín fún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, títí kan àpò tí wọ́n ń tẹ́ sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí omi ò bá sí láti fi ṣàn án. Gbogbo wọn ló fi yíǹkì dúdú kọ ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ sí lára, ó sì kọjú ìkọ̀wé náà síta kí ó lè rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, tí tọmọdé tàgbà ń ṣe ìdánrawò ìjàmbá, Fusae á tú gbogbo ẹrù yẹn sílẹ̀. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ, ó di jíjẹ nìyẹn, á sì ra tuntun dípò. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Tamotsu á fi máa jẹ ẹja agolo láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Ogójì ọdún ni mo fi pa ẹja tútù," ni baba náà á máa wí, "inú agolo ni mo tún wá ń jẹ ẹ́ lójú ogbó."

"Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá. Ọjọ́ tí kò bá sí mìíràn, ẹ ó mọ adùn ẹ̀."

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó bi í rí. Ẹni méjì péré ló ń sùn nínú ilé yẹn, ẹni mẹ́jọ ni Fusae ń pamọ́ fún. Yasunori ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì ń gbé Osaka, ọdún tuntun àti àjọ̀dún àwọn òkú nínú oṣù kẹjọ nìkan ni wọ́n ń wálé. Chinami àti ọkọ rẹ̀ kì í tilẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ tiwọn wà nínú àkójọ. Bisikíìtì oníṣokoléètì tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ṣì ń wọlé lọ́dọọdún, ọmọ náà sì ti wọ yunifásítì, ó ti ń fá irùngbọ̀n. Àánú ìyá yìí ṣe mí níbí yìí. Ọkàn rẹ̀ kò gbà pé àwọn èèyàn yẹn ti lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni àánú nígbà gbogbo. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìjì ńlá kan já wáyà iná, kò sí omi fún ọjọ́ méjì. Orito, opó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè, gbé kẹ́tù tó fi ń se tíì wá sílé Fusae láti tọrọ omi. Fusae bu omi kún kẹ́tù náà, ìyẹn ò burú. Nígbà tí àdúgbò wá pàdé lóṣù yẹn, ó dìde láàárín gbogbo èèyàn, ó ní, "Omi ò wọ́n lọ́jà. Ẹni tí kò bá rà á sílé, ṣe ló fẹ́ kí àwa tó rà á máa gbé ẹrù òun." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Orito. Orito tẹríba, ó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìgbà náà, bí òtútù ṣe rí àti bí òjò ṣe rí nìkan ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ.

Ọdún kejì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Tamotsu. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dẹ̀. Dókítà pe Fusae sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní omi lásán ló léwu jù fún un, nítorí ṣe ló máa ń sáré kó tó gbé e mì, á sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí wọ́n ń rò mọ́ omi tàbí tíì tàbí ọbẹ̀, tí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Láìsí i, kó má mu nǹkan kan. Lọ́jọ́rú-lọ́jọ́rú ni obìnrin tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gbé agolo tuntun wá.

Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Lójú Fusae, oògùn ni ìyẹ̀fun yẹn, oògùn sì jẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Tirẹ̀ ni omi, tirẹ̀ ni ìrẹsì, tirẹ̀ ni ẹja. Ní oṣù kẹsàn-án méjèèjì tó tẹ̀ lé àìsàn yẹn, ó tú ilé, ó ka agolo, ó pààrọ̀ bisikíìtì ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n, kò sì rántí fi agolo kan ṣoṣo ìyẹ̀fun ọkọ rẹ̀ sínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kìíní, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti ṣọdún tán tí wọ́n ti padà, ilẹ̀ mì. Ọ̀sán ni, Fusae ń gé ewébẹ̀ lọ́wọ́. Ó di òpó ilẹ̀kùn mú, ó ń gbọ́ bí àwo amọ̀ tí wọ́n fi bo òrùlé ti ń já lulẹ̀ níta, ilé sì ń ké bí ọkọ̀ ojú omi nínú ìjì. Nígbà tó dáwọ́ dúró, kò tíì mí tán tó fi fa táwẹ́ẹ̀lì funfun kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sáré jáde, ó so ó mọ́ géètì.

Ìlànà àdúgbò nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mì tí gbogbo ará ilé kan bá yè, kí wọ́n so táwẹ́ẹ̀lì funfun síta. Ilé tó bá ti ní táwẹ́ẹ̀lì, kí àwọn tó ń wá èèyàn kọjá rẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa hú èèyàn jáde. Shimobata alága àdúgbò ló máa ń fi aago ọwọ́ ṣọ́ wọn nígbà ìdánrawò, Fusae ló sì máa ń gba ipò kìíní. Ẹ má bínú sí i pé ó so táwẹ́ẹ̀lì kó tó lọ wo ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó wọlé, Tamotsu ti yọ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ òsì di irin mú.

"Ìyá," ni baba náà wí pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, "ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́ta."

"O ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Iná ti lọ, omi ti lọ, fóònù ò dún. Òkè ti ya lulẹ̀ dí ọ̀nà lápá ọ̀tún àti lápá òsì abúlé. Nísàlẹ̀, ilé mọ́kànlá ti dà wó, láti ibi tí Fusae wà ló ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

Ó tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ó gbé sítóòfù kékeré jáde, ó se ìrẹsì. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ dùn. Ìbànújẹ́ wà fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ẹ̀rù náà sì wà, ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá ki síbí bọ inú agolo ìyẹ̀fun kó lè ro tíì fún ọkọ rẹ̀, síbí náà ha ìsàlẹ̀ agolo. Ó tẹ agolo náà, ó wò ó. Kò ju síbí mẹ́fà lọ. Ọ̀la ló yẹ kí obìnrin ọ́fíìsì mú òmíràn wá, kò sì sí ọ̀nà tó máa gbà.

Lọ́jọ́ kejì, Shimobata kọjá ní ojú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò, ẹrẹ̀ bò ó títí dé itan. Ó fi ọdún méje kéré sí Fusae, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì. Ó rí táwẹ́ẹ̀lì, ì bá ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ó dúró nítorí ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà?"

"Àlàáfíà ni. Ẹ dúró, ẹ gba omi yìí lọ fáwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́." Ó gbé páálí omi méjì àti ẹja agolo lé orí kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ tó ń tì.

"Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀pọ̀ wa la ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe àwàdà wọn."

"Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ ń fẹ́, Ẹ̀gbọ́n? Wọ́n ní hẹlikọ́pítà lè wá. Ẹ sọ ọ́ tó bá wà."

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó wo ọwọ́ Shimobata. Èékánná méjì ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ àwọn tó kù, nítorí ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hú igi àti amọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó ń hú òkú, ṣé ìyẹ̀fun ló yẹ kéèyàn rán an láti wá? Ohun tó rò nìyẹn, ó sì dára láti rò ó. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló rò. Ó rántí bí òun ṣe dìde ní ìpàdé ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó rò ó wò bí Shimobata ṣe máa dé gbọ̀ngàn tí yóò wí pé ilé Fusae ń tọrọ nǹkan, tí Orito á sì jókòó níbẹ̀ tí yóò gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti nílò yín."

Shimobata tẹríba, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyẹ̀fun tán láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Fusae mú ìyẹ̀fun pòtétò tó fi ń se ọbẹ̀, ó rò ó sórí iná, ó jẹ́ kó tutù, ó ki dáadáa nínú kọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu máa ń yọ́ irú rẹ̀. Síbí kìíní lọ, ìkejì lọ, ìkẹta ti di omi lórí ahọ́n. Tamotsu húkọ́ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Ó gbìyànjú omi ìrẹsì tó ki, ìyẹn náà rí bákan náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ara baba náà ti gbóná, àyà rẹ̀ ń pariwo nígbàkígbà tó bá mí.

"Ìyá, fún mi lómi gidi."

"Dókítà ní omi lásán á pa yín, Bàbá."

"Kí ló wá ń ṣe mí báyìí?"

Òùngbẹ ń pa ọkọ Fusae nínú ilé tí páálí omi kún dé ojú fèrèsé. Ó rẹ aṣọ funfun sómi, ó fi ń nu ètè rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rù ti bà á kọjá ẹkún.

Ìgbà yẹn ni hẹlikọ́pítà dún lójú òfuurufú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí pápá ilé ẹ̀kọ́. Fusae jáde. Ó rìn dé ibi géètì, ó sì di kókó táwẹ́ẹ̀lì mú. Kí ó tú u péré ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gbójú sókè láti ìsàlẹ̀ á rí i pé ilé Fusae ò ní táwẹ́ẹ̀lì mọ́, wọ́n á sì sáré wá. Ó dúró níbẹ̀ nínú yìnyín. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ná, àwọn tí ilé wó lù, pé Bàbá á sàn bó bá sùn díẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn obìnrin yìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ó fi kókó náà sílẹ̀, ó wọlé lọ. Láìpẹ́, hẹlikọ́pítà náà gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Orito ni. Ó fi igi tilẹ̀ gòkè nínú yìnyín tó dé orúnkún, àádọ́rin ọdún ló sì ti kọjá lórí òun náà.

"Mo rí táwẹ́ẹ̀lì yín," ni Orito wí. "Mo sì mọ̀ yín. Ẹ ò jáde láti àná. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa pín nǹkan káàkiri bíi tiyín, kò lè jókòó sílé lásán."

Fusae fẹ́ dáhùn pé kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ikọ́ Tamotsu dé láti inú yàrá. Orito ò dúró gbàyè. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó gbé etí lé àyà baba náà.

"Láti ìgbà wo ló ti ń mí báyìí?"

"Láti àná ọ̀sán."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ní gbogbo nǹkan, Orito. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mu omi yẹn nìkan ni mi ò ní."

Orito yíjú sí i. "Lọ́jọ́ tí mo gbé kẹ́tù wá síbí, ojú tì mí," ló wí. "Ọdún mẹ́jọ lojú fi ń tì mí. Ṣùgbọ́n mi ò kú." Ó wọ bàtà padà. Bó ṣe ń jáde, ó já táwẹ́ẹ̀lì kúrò lára géètì, ó jù ú sínú yìnyín, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ pe alága.

Shimobata tẹ̀ lé e dé, rédíò alágbèéká tí àwọn ọmọ ogun inú hẹlikọ́pítà fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Tamotsu, ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò náà, wọ́n dá a lóhùn. Yìnyín ti ki jù, ojú ọ̀run ò ríran, ó di ọ̀la kí hẹlikọ́pítà tó lè wá. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹni márùn-ún ló gbé lánàá," ló wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹni mẹ́fà ni àyè rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan ṣì kù. Mo wo òkè níbí, mo rí táwẹ́ẹ̀lì. Mo ní kò ku ẹnì kankan." Ọkùnrin yẹn bú sẹ́kún bí ọmọdé. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ kí n wọlé wò."

Fusae wo àyè tó ṣófo yẹn lọ́kàn rẹ̀, àyè ẹnì kan ṣoṣo. Ó jókòó ti Shimobata.

"Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ẹ ti bi mí, èmi ni mo purọ́ fún yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Tamotsu tún bèèrè omi. Ohùn rẹ̀ ti lọ tán, ètè nìkan ló ń mì, ṣùgbọ́n ó yé àwọn obìnrin méjèèjì. Orito gbé orí rẹ̀ lé orúnkún ara rẹ̀. Fusae lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó mú ìgò omi kan, ó sì padà wá. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá ṣe é, bí òun ò ṣe é, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ń lọ, ohun tó kù ni bóyá baba náà á lọ tòun ti òùngbẹ. Ó ṣí ìgò náà, ó da omi sínú ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Díẹ̀ gba ọ̀nà tó tọ́, díẹ̀ ṣì lọ, díẹ̀ dà sí ọrùn rẹ̀. Ó húkọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó la ojú, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ó tutù," ló fi ètè wí. Ó fẹ́ sí i.

Fusae fún un ní ìdérí mẹ́rin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tí kò fi ṣí ẹnu mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tamotsu dákẹ́.

Hẹlikọ́pítà dé lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé òkú rẹ̀ lọ sílùú pẹ̀lú òkú mẹ́ta mìíràn. Àwọn ará gbọ̀ngàn kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá Chinami, wọ́n fi bọ́ ọgọ́ta èèyàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Fusae fúnra rẹ̀ ló ń da omi gbígbóná sínú ọ̀rá ìrẹsì fún wọn. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mi orí, kò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ ni fóònù ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun gbé ọ̀kan kalẹ̀ sí igun gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn tò sídìí rẹ̀, ó kan Fusae. Shimobata wà níbẹ̀, Orito wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Yasunori ló gbé e ní Osaka. Wọ́n ti sọ fún un nípa baba rẹ̀.

"Màmá," ló wí, "kò yé mi. Ṣé ebi ni? Ṣé oúnjẹ ò tó yín ni?"

"Oúnjẹ ẹni mẹ́jọ wà nílé."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó lè wí pé ilẹ̀ mì, pé ọ̀nà dí, pé yìnyín ò jẹ́ kí hẹlikọ́pítà wá. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan, kò sì sí ẹni tó máa já a nírọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn.

"Ìyẹ̀fun Bàbá tán," ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde sókè débi tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi gbọ́. "Alága bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan kan. Mo ní rárá. Ojú ló ń tì mí, Yasunori. Ojú ló tì mí tí bàbá rẹ fi kú."

Fusae gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń fa imú.

"Mò ń bọ̀," ni Yasunori wí. "Ibi tí ọ̀nà bá ti dí, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rin èyí tó kù lórí òkè. Kí ni ẹ fẹ́ kí n gbé wá?"

Ẹnu Fusae ti ń wí pé kò sí nǹkan kan. Ó ti wí i dé ìdajì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Má gbé nǹkan kan, ìwọ ni kó o wá," ló wí. "Mi ò lè dá wà nínú ilé yẹn. Wá mú mi."